Yìgì Láì Jẹ Gbèsè

Ohun tí a fi ń so yìgì kò pọ̀: wálíyù ọmọbìnrin, ẹlẹ́rìí 2, kí wọ́n fi fún ọkọ kí ọkọ gbà, àti sàdáákì. Lọ́dọ̀ Ìmáàmù Màlíkì, sàdáákì kò gbọdọ̀ dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin dínárì wúrà, ìyẹn gíráàmù 1 ó lé díẹ̀. Ìyàwó ló ni ín, kì í ṣe owó ẹbí.

Aṣọ ẹbí àti jíjẹ-mímu ló ń kó ọkọ tuntun sí gbèsè. Níbi wàlímọ̀ Sàfíyátù, lọ́dún 7 Híjírà, Ànábì (SAW) kò pa ẹran. Kálukú mú èyí tó ní wá: dàbínù, wàrà gbígbẹ, ọ̀rá wàrà, wọ́n pò ó pọ̀, wọ́n jẹ ẹ́. Ní Àgbádárìgì wa, ẹja àti àgbọn ló wà nítòsí. Dípò aṣọ ẹbí, ẹ ní kí ẹbí gbé àgbọn àti ìrẹsì wá.