Fítámì Oníhóró àti Àwọn Asáré Ọ̀nà Jíjìn: Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn fún Olùkọ́ Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́, epo pupa, ẹ̀fọ́ àti ọsàn kì í ṣe àjèjì nínú oúnjẹ. Inú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni ara ti ń rí fítámì C àti E. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọn ni dídáàbò bo ara lọ́wọ́ àwọn èérún ọ́síjìn tó lè bà á jẹ́. Ǹjẹ́ ó wá yẹ kí olùkọ́ eré ìdárayá máa fún ọmọ tó ń sáré ọ̀nà jíjìn ní fítámì oníhóró kún oúnjẹ rẹ̀?

Ọdún 1922 ni Evans àti Bishop ṣàwárí fítámì E ní Amẹ́ríkà. Ní 1937, Szent-Györgyi gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ tí fítámì C wà lára rẹ̀. Ní 1982, Davies àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí eku bá sáré títí ó fi rẹ̀ ẹ́ tán, èérún ọ́síjìn inú iṣan rẹ̀ a di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti gbà pé ohun tó bá lè pa èérún yìí yóò ṣe asáré lóore. Ìwádìí kan tó jáde ní 1993 lórí eré ìje Comrades ti Gúúsù Áfíríkà, tó tó 90 kìlómítà, ti èrò yìí lẹ́yìn. Nínú àwọn asáré tó lo 600 mílígíráàmù fítámì C lójúmọ́, ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀fìnkìn tàbí ọ̀fun dídùn mú lẹ́yìn eré. Ìdá 68 ni nínú àwọn tí kò lò ó.

Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ní 2009, Ristow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní 1000 mílígíráàmù fítámì C pẹ̀lú fítámì E lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Eré ìdárayá mú kí ara àwọn tí kò lo fítámì lè lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa sí i. Àwọn tó lò ó kò jẹ àǹfààní náà. Ní 2014, ìwádìí ọlọ́sẹ̀ 11 lórí ènìyàn 54 ní Norway fi hàn pé fítámì wọ̀nyí dí iṣan lọ́wọ́ láti ṣe àyípadà tó yẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára eré sísá àwọn méjèèjì kò yàtọ̀. Ìdí ni pé èérún ọ́síjìn kì í ṣe ọ̀tá nìkan. Òun náà ló ń jíṣẹ́ fún iṣan pé kí ó gbára dì.

Ní àgbálọgbábọ̀, kò tọ́ kí olùkọ́ máa pín fítámì oníhóró fún ọmọ tó ń jẹun dáadáa. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ọsàn ọjà ni ó yẹ kí òbí fi owó ìgò oògùn rà. Ọmọ tí dókítà bá rí i pé fítámì kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀ ni kí ó lo oògùn.