Eré Tuntun Níwájú Aláàfin

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni í kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé Hubert Ògúndé ni ó dá eré oníṣe Yorùbá sílẹ̀ ní 1944. Èrò tiwa ni pé èyí kò tọ̀nà.

Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton wo eré eégún aláré níwájú ààfin ní Ọ̀yọ́ Ilé. Idán mẹ́ta ni ó ṣàpèjúwe sínú ìwé rẹ̀. Àwọn oníjó inú àpò ni ó kọ́kọ́ jáde. Òjòlá tẹ̀ lé wọn. Òyìnbó ni ó kẹ́yìn. Òyìnbó yìí funfun báláú, ó rù, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó sì rọra ń tẹlẹ̀ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Inú àwọn òǹwòran dùn, wọ́n ń ké sí àlejò wọn pé kí ó wò ó.

Kì í ṣe ìtàn àtijọ́ ni idán kẹta yìí. Òyìnbó kò wọ́pọ̀ ní Ọ̀yọ́ Ilé nígbà náà. Ohun tuntun tí ojú ń rí ni wọ́n fi ṣe eré.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí 1836, àwọn ará ibẹ̀ fọ́n ká sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí Àgọ́-Ọjà tí Àtìbà sọ di Ọ̀yọ́ òní, àti sí ibòmíràn. Iṣẹ́ ìdílé ni eégún aláré. Ó bá àwọn tí ó ni ín lọ. Ọmọ agbègbè Ọ̀yọ́ kan náà ni Adébáyọ̀ Fálétí tí ó kọ Baṣọ̀run Gáà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀tọ́ Ògúndé fún un gẹ́gẹ́ bí aṣáájú òṣèré òde òní, kí a sì máa kọ́ ọmọ pé ìpìlẹ̀ ti wà ṣáájú rẹ̀.