Kókó dúdú ojú àti ìmọ́lẹ̀ lésà: bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

 

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ló gbé ọ̀rọ̀ tòní wá bá wa. Ó ní kókó dúdú wẹẹrẹ lójú, lókè ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyinjú, bí ẹni fọ́n hóró iyèré sí i. Kì í dùn ún, kì í yún un. Ìyá rẹ̀ ní irú rẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀ náà ní in. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Kutọnu ní ibì kan wà tí wọ́n ti ń fi lésà yọ ọ́, kí màmá máa bọ̀. Owó tí wọ́n dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo àjọ tí màmá fẹ́ kó lóṣù náà. Ó wá bi wá pé: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé kí n lọ ṣe é ni, àbí kí n fi owó mi ra ọjà?"

A ò lè fi gbólóhùn kan dá a lóhùn, torí ọ̀rọ̀ náà nítàn.

Dókítà kan wà, ọmọ Ítálì, Aldo Castellani lorúkọ rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa Áfríkà rí: ní 1902 sí 1903, ó wà ní Ùgáńdà, níbi tó ti rí kòkòrò àrùn oorun nínú omi eegun ẹ̀yìn àwọn aláìsàn. Lẹ́yìn ìyẹn ló dé Jàmáíkà àti àwọn ilẹ̀ Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, ó sì rí àwọn kókó dúdú yìí lójú àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà níbẹ̀. Ní 1925 ó kọ̀wé nípa rẹ̀, ó fún un lórúkọ èdè Látìnì: dermatosis papulosa nigra. Ta ni àwọn tó rí? Ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò nílẹ̀ adúláwọ̀ ni. Àwọn Nàgó bíi tiwa wà lára wọn. Títí dòní, abúlé kan wà ní Jàmáíkà tí wọ́n ń pè ní Abẹ́òkúta. Nítorí náà, kókó ojú tí òyìnbó rí tó fi kọ̀wé, ojú àwọn ìbátan wa ló ti rí i.

Èmi ò fẹ́ràn orúkọ tó fún un, kí n má parọ́. "Àrùn ara" ni ìdajì orúkọ náà ń wí, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àrùn. Kì í ràn. Kì í di jẹjẹrẹ. Kì í ṣe àṣẹ ẹnì kankan, kì í sì í ṣe pé ènìyàn ò wẹ ojú dáadáa. Ó máa ń tẹ̀lé ìdílé, obìnrin ní i ju ọkùnrin lọ, ó lè bẹ̀rẹ̀ nígbà ọ̀dọ́, á sì máa pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ. Ẹni tó bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dọjọ́ ogbó, kò sí nǹkan tí yóò ṣe é.

Àmọ́ ẹni tó fẹ́ kó kúrò ńkọ́? Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn dókítà ti ń fi sísọ́ọ̀sì kékeré gé e, tàbí kí wọ́n fi irin bíi ṣíbí ha á. Àwọn mìíràn ń fi abẹ́rẹ́ oníná jó o. Àwọn kan fi nǹkan tútù gan-an dì í bíi yìnyín, ṣùgbọ́n òtútù yẹn máa ń pa ohun tó ń mú ara wa dúdú, ojú ibẹ̀ á sì funfun. Kókó dúdú lọ, àmì funfun dé. Kí la wá jèrè?

Lésà ló dé gbẹ̀yìn. Ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún 1960, ní Califọ́níà lọ́hùn-ún, Theodore Maiman mú òkúta iyebíye pupa kan tí wọ́n ń pè ní rúbì, ó sì mú kí ó tan ìmọ́lẹ̀ tó lọ tààrà, tó lágbára. Kò pẹ́ rárá tí dókítà awọ ara kan, Leon Goldman, ní ìlú Cincinnati, fi bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lára ènìyàn. Ó rí i pé ibi tó dúdú lára ni ìmọ́lẹ̀ rúbì ń jó jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sá aṣọ, ẹ mọ ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá sá aṣọ dúdú àti funfun sóòrùn pọ̀, èwo ló ń gbóná jù? Dúdú ni. Lára òyìnbó, kókó nìkan ló dúdú, ìmọ́lẹ̀ á jó o, á fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwa ńkọ́? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa dúdú, kókó dúdú. Ìmọ́lẹ̀ ò mọ èwo ni ká jó, èwo ni ká fi sílẹ̀. Ibí gan-an ni wàhálà wà fún wa, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá wa rò ó. Ní 1975, nígbà tí dókítà Fitzpatrick pín àwọ̀ ènìyàn sí oríṣi gẹ́gẹ́ bí oòrùn ṣe ń jó wọn, aláwọ̀ funfun nìkan ló kọ́kọ́ kà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó fi àwọ̀ pupa-rúsúrúsú àti dúdú kún un. Ní 1983, Anderson àti Parrish ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé bí a ṣe lè yan àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti ìwọ̀n àkókò rẹ̀, kó lè jẹ́ ohun tí a fẹ́ jó nìkan ni yóò jó.

Torí náà, lésà kì í ṣe ẹyọ kan, bí aṣọ náà ò ṣe jẹ́ ẹyọ kan. Lọ́dún 1964 nìkan, oríṣi méjì jáde. Patel, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣe èyí tó ń jó omi inú ẹran ara. Ìkejì ni wọ́n ń pè ní Nd:YAG. Ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ kì í hàn sójú, ó ń gba inú awọ dúdú kọjá lọ sísàlẹ̀ láì jó òkè rẹ̀ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi máa ń gbà pé ó sàn fún aláwọ̀ dúdú ju èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tètè ń gbóná sára dúdú. Oríṣi kan tún wà, KTP, ìmọ́lẹ̀ ewé ló ní. Àwọn kan ń fi yọ kókó ojú dáadáa, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lò.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó wù mí jù. Ní 2009, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà fi KTP yọ kókó ní ẹ̀gbẹ́ kan ojú àwọn ènìyàn díẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ oníná yọ ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Iṣẹ́ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Abẹ́rẹ́ àtijọ́ kò jìnnà sí ẹ̀rọ olówó gọbọi! Ọwọ́ tó mú un ló ṣe pàtàkì.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó bi wọ́n léèrè kó tó san kọ́bọ̀: irú lésà wo ni? Ṣé ẹ ti fi ṣe ẹni tó dúdú bíi tèmi? Ẹ jẹ́ kí n rí i. Ẹ ní kí wọ́n dán an wò lórí kókó kan níbi tó fara sin, lẹ́bàá irun, kí ẹ padà sílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí àpá dúdú kì í tètè jáde. Bí àpá bá máa ń wú lára yín, bóyá níbi tí wọ́n lu etí yín, ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ẹ rí i pé wọ́n bo ẹyinjú yín, lésà lè fọ́jú. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sá fún oòrùn: mo mọ̀ pé ìsọ̀ kì í ní òrùlé, ṣùgbọ́n agbòjò wà. Ẹ má ṣí èépá rẹ̀. Àwọn tuntun sì lè hù lẹ́yìnwá.

Ohun tí mi ò ní gbà fún ẹnikẹ́ni ni omi bátìrì tí wọ́n ń fi igi tínrín kán sí i. Mo mọ obìnrin kan tó ṣe é. Àmì róbótó funfun ló gbapò kókó náà. Bó bá sì jẹ́ kókó kan ṣoṣo ló ń yára dàgbà, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó di egbò, tó ń yí àwọ̀ padà, tàbí tí púpọ̀ ṣàdéédé yọ bo ara, ọ̀rọ̀ ẹwà kọ́ nìyẹn mọ́. Lópítà ni kí ẹ gbà lọ kíákíá.

Ìyá aláṣọ wa padà wá lẹ́yìn oṣù méjì. Méjì péré ló ní kí dókítà fi abẹ́rẹ́ yọ, àwọn tí awò ojú rẹ̀ máa ń fi rà. Ó fi àjọ rẹ̀ ra ọjà. Àwọn tó kù ṣì wà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ òun ti Kutọnu pè é lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun náà ti rí kan lábẹ́ ojú òun.