Ewé Togo Tó Jóná ní Berlin

Àwọn àgbà ní ewé kì í jẹ́ bí a kò bá fi orúkọ pè é. Ọ̀rọ̀ orúkọ ewé la mú wá lónìí.

Láti 1884 títí di 1914 tí àwọn ará Jámánì fi jẹ gàba lé Togo lórí, wọ́n ń já ewé ní Misahöhe, nítòsí Kpalimé, àti ní Sokodé. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín bébà kó lè gbẹ, wọ́n á kọ ibi àti ọjọ́ tí wọ́n já a sí i lára, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí ilé ìpamọ́ ewé ní Berlin.

Ẹ̀wà kékeré kan wà tó ń so sábẹ́ ilẹ̀ bí ẹ̀pà, tí wọ́n ń pè ní doyiwé ní Benin. Àwọn àgbẹ̀ ti ń gbìn ín tipẹ́. Ṣùgbọ́n ní 1908, Harms ní Berlin sọ ọ́ ní Kerstingiella, nítorí Kersting, ọ̀gá ìjọba Jámánì ní Sokodé.

Ní oṣù kẹta 1943, bọ́ǹbù ogun balẹ̀ sórí ilé ìpamọ́ náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ewé ibẹ̀ jóná. Ẹ̀rí ló jóná yẹn. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tó ń hù nínú igbó kan kí wọ́n tó ṣán an fún kọfí àti kòkó, irú ewé bẹ́ẹ̀ la ó wò. Láìsí i, báwo la ṣe máa mọ èyí tó ti parẹ́, ká lè tọ́jú ìyókù?

Lónìí, ilé ìpamọ́ ewé wà ní Yunifásítì Lomé, ó wà ní Abomey-Calavi, ó wà ní Ìbàdàn. Ní 1984, Brunel, Hiepko àti Scholz gbé ìwé Flore analytique du Togo jáde. Igi tí àwa ń pè ní ìrókò, tí àwọn Fọn ń pè ní lókò, Milicia excelsa ni ní ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí olùwádìí má baà ṣi igi mú.

Ṣùgbọ́n orúkọ tí àwa Ifẹ̀ Atakpamé ń pe ewé, ẹnu àgbà ló pọ̀ sí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá já ewé lóko yín, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún un, kó kọ ọ́ mọ́ ọn lára. Ewé wo ni ìyá àgbà yín mọ̀ tí ẹ̀yin kò mọ orúkọ rẹ̀? Ẹ lọ bi wọ́n lónìí.