Ilé Ọtí, Ọgbà Ẹ̀wọ̀n àti Èdè: Ìtàn Ìlú Dublin

Ẹni tó bá lọ sí Dublin, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Ireland, fún ọjọ́ mẹ́ta péré kì í ronú pẹ́ kó tó mọ ohun tí yóò wò. Ìwé atọ́nà ti tò ó sílẹ̀ fún un: odò Liffey tó la ìlú sí méjì, àwọn afárá orí rẹ̀, yunifásítì àtijọ́, ilé ọtí, ilé ọtí, àti ilé ọtí. Ohun tí ìwé atọ́nà kì í sábà sọ ni pé àwọn ilé ọtí náà àti ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà ní ìwọ̀ oòrùn ìlú jọ pín nínú ìtàn kan ṣoṣo ni. Ìtàn ọ̀hún sì kan àwa tí à ń ka Yorùbá ju bí a ti rò lọ, nítorí pé lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Ireland náà wà rí, díẹ̀ ló sì kù kí èdè àwọn baba wọn parun.

Orúkọ méjì ni ìlú náà ń jẹ́. Àwọn Viking tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi wá láti ìhà àríwá tẹ ibùdó síbẹ̀ ní ọdún 841. Lára Dubh Linn, ìyẹn adágún dúdú, ni Dublin ti jáde. Ṣùgbọ́n orúkọ tí èdè Ireland fún ìlú náà lónìí ni Baile Átha Cliath, ìlú ibi tí wọ́n ti ń fi igi híhun la odò kọjá. Lára pátákó òpópónà, èdè méjèèjì ni ẹ ó rí. Àlejò mélòó ló ti dúró síbi tí bọ́ọ̀sì ń gbé èrò, tó rí "An Lár" níwájú ọkọ̀, tí kò sì mọ̀ pé àárín ìlú ni wọ́n ń sọ!

Ọba John ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló pàṣẹ ní ọdún 1204 pé kí wọ́n kọ́ ilé olódi Dublin. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣàkóso Ireland fún ohun tó lé ní 700 ọdún, títí di ọjọ́ 16, oṣù Kìíní, ọdún 1922, tí wọ́n fà á lé Michael Collins lọ́wọ́. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni Trinity College wà, èyí tí Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní dá sílẹ̀ ní ọdún 1592. Èrò a máa tò níbẹ̀ láti wo Ìwé Kells, ìwé Ìhìnrere mẹ́rin ní èdè Látìn tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn fi ọwọ́ kọ, tí wọ́n sì fi àwòrán ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ní nǹkan bí ọdún 800. Ó yẹ ní wíwò, àmọ́ ẹ má lo gbogbo àárọ̀ yín níbẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ odò ni ilé ọtí Brazen Head wà. Wọ́n kọ 1198 sí ara rẹ̀ pé ọdún náà ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ilé tó dúró níbẹ̀ lónìí kò tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ orí, ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni. Èmi kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ohun tó mú kí ilé ọtí náà ṣe pàtàkì ni pé orúkọ rẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára orúkọ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé Robert Emmet jókòó níbẹ̀ láti gbèrò ọ̀tẹ̀ ọdún 1803. Ọ̀tẹ̀ náà forí ṣánpọ́n láàárín ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹsàn-án, ọdún yẹn kan náà, wọ́n pa Emmet ní gbangba ní òpópónà Thomas, tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti ilé ọtí náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni.

Ọ̀tẹ̀ tó yí ìtàn padà ni ti ọdún 1916. Ní ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde, ọjọ́ 24, oṣù Kẹrin, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Àgbà ní òpópónà tí à ń pè ní O'Connell lónìí, Patrick Pearse sì dúró síwájú ilé náà, ó ka ìkéde òmìnira. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi jà. Ìbọn ńlá ìjọba wó àárín ìlú palẹ̀, aráàlú tó kú sì pọ̀ ju ológun ìhà méjèèjì lọ. Nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó túúbá lọ, ọ̀pọ̀ ará Dublin dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń bú wọn.

Kí ló wá yí ọkàn aráàlú padà? Ẹ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kilmainham, ẹ ó rí ìdáhùn. Láàárín ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa mẹ́rìnlá nínú àwọn aṣáájú náà nínú àgbàlá ẹ̀wọ̀n yẹn. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni, lówùúrọ̀ kan dé òmíràn, tí ìròyìn sì ń jáde. Joseph Plunkett gbé Grace Gifford níyàwó nínú ilé àdúrà ẹ̀wọ̀n náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n pa á. James Connolly ti gbọgbẹ́ débi pé kò lè dìde, orí àga ni wọ́n gbé e sí kí wọ́n tó yìnbọn fún un. Ohun tí ìbọn àwọn ọlọ̀tẹ̀ kò lè ṣe ní ọjọ́ mẹ́fà, ìbọn ìjọba ṣe é fún wọn ní ọjọ́ mẹ́wàá. Éamon de Valera, ọ̀kan nínú àwọn tí wọn kò pa, ló wá ṣí ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìrántí ní ọdún 1966, nígbà tó ti di ààrẹ.

Olùkọ́ ni Pearse, èdè sì ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ìyàn ọdún 1845 sí 1852, nígbà tí àrùn ba pọ̀tétò jẹ́ (èyí tí àwọn ìyá wa lọ́jà ń pè ní "Irish" títí dòní), pa nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn, ó sì lé mílíọ̀nù kan mìíràn sókè òkun. Àwọn tálákà tó ń sọ èdè Ireland ló kọlù jù. Kó tó dìgbà yẹn, wọ́n ti ń so ọ̀pá kékeré mọ́ ọmọ lọ́rùn: bó bá ti sọ èdè ìyá rẹ̀, wọn a fi ọ̀bẹ fa ilà sí ọ̀pá náà, iye ilà ni wọn yóò sì fi nà án. Nígbà mìíràn, òbí fúnra rẹ̀ ló ń fa ilà náà. Àwọn tó ti san owó ìtanràn rí ní kíláàsì nítorí "fanákúlà" nínú wa yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní ọdún 1893, Douglas Hyde àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Conradh na Gaeilge sílẹ̀ láti jí èdè náà dìde. Hyde di ààrẹ àkọ́kọ́ ní ọdún 1938. Òfin ilẹ̀ wọn ti ọdún 1937 fi èdè náà ṣe èdè ìjọba àkọ́kọ́, ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù sì gbà á wọlé ní ọdún 2007. Síbẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó gbọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ọtí Dublin. Òfin lè kọ èdè sí ara pátákó; kò lè gbé e sí ẹnu ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ọtí dúdú ńkọ́? Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1759, Arthur Guinness gba ilẹ̀ St James's Gate fún 9,000 ọdún, ní pọ́n-ùn 45 lọ́dún. Ọkà bálì tí wọ́n yan gbẹ ló ń sọ ọtí náà di dúdú. Ọlọ́tí kì í bù ú kún lẹ́ẹ̀kan. A gbé ife kalẹ̀, a dúró kí ìhó funfun gòkè, kó tó wá parí rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ ti inú ìgò tí wọ́n ń pọn ní Ìkẹjà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 yóò rí i pé ti Dublin kò le tó tiwa, kò sì korò tó o. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de ọkà bálì láti òkè òkun ní àwọn ọdún 1980, ọkà bàbà ni wọ́n bọ́ sí.

Àdúgbò Temple Bar ni àwọn arìnrìn-àjò ń rọ́ lọ. Ọtí wọ́n níbẹ̀, ariwo sì pọ̀. Davy Byrne's ní òpópónà Duke sàn jù. Ibẹ̀ ni James Joyce mú Leopold Bloom wọ̀ láti jẹ wàràkàṣì nínú ìwé Ulysses, tó jáde ní ọdún 1922.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò sí láàárín ìlú. Ẹ̀gbẹ́ itẹ́ òkú Glasnevin, níbi tó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn sùn sí, ni ilé ọtí John Kavanagh wà láti ọdún 1833. "Ilé àwọn agbẹ́lẹ̀" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní àwọn agbẹ́lẹ̀ a máa kan ògiri láti inú itẹ́ òkú, kí wọ́n lè nawọ́ ọtí sí wọn. Kò sí tẹlifíṣàn níbẹ̀, wọn kì í sì í kọ orin. Àwọn tó bá ti sin òkú wọn tán ní Glasnevin a gba ẹnu ọ̀nà wọlé, wọ́n a jókòó sórí bẹ́ǹṣì onígi, wọ́n a sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó lọ.