Ìṣubú Gẹ́gẹ́ Bí Òṣùwọ̀n: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Díwọ̀n Ọ̀dọ́ Akànṣẹ́ Tó Wúwo

Láàárín àwọn tó fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ṣe iṣẹ́, ìdájọ́ tó nira jù lọ ni èyí tí wọ́n ń ṣe lórí ọ̀dọ́ akànṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ ní ìsọ̀rí àwọn tó wúwo jù. Ìsọ̀rí yìí nìkan ni kò ní òpin lókè: ẹni tó bá ti ju 200 pọ́ùn lọ lórí òṣùwọ̀n lè bá ẹni tó fi 50 pọ́ùn jù ú lọ jà, ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo sì lè sọ ẹni tó ti ń borí láti ìbẹ̀rẹ̀ di ẹni ilẹ̀. Nítorí náà ni iye ìjà tí ọ̀dọ́ kan ti borí kò fi tó láti mọ ibi tí yóò dé. Ohun tí ìtàn ìsọ̀rí náà fi hàn, láti ìgbà Joe Louis títí di òní, ni pé ọjọ́ tí ọ̀dọ́ bá kọ́kọ́ pàdé ẹni tó lè bì í ṣubú ni òṣùwọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ tó bá sì rí kọ́ lọ́jọ́ náà ni yóò sọ bóyá yóò pẹ́ lókè.

Òfin tó sọ ìṣubú di òṣùwọ̀n ti pẹ́. Ní 1867 ni wọ́n tẹ Òfin Queensberry jáde, èyí tí wọ́n fi oyè ọlọ́lá ilẹ̀ Scotland kan pè, tó sì là á sílẹ̀ pé kí àwọn oníjà wọ ìbọ̀wọ́, kí abala ìjà kọ̀ọ̀kan gùn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ìsinmi ìṣẹ́jú kan wà láàárín abala méjì, kí ẹni tó bá ṣubú sì ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá láti dìde fúnra rẹ̀. Àmọ́, àṣà ìtọ́jú ọ̀dọ́ akànṣẹ́ tó gbilẹ̀ lẹ́yìn náà máa ń sún ìdánwò yìí síwájú. Mánéjà, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó àdéhùn àti owó akànṣẹ́, a máa yan alátakò fún un ní ipele-ipele: àwọn tí agbára wọn kò tó nǹkan ló ń ṣáájú, àwọn àgbà tí ara wọn ti ń rọ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ ọgbọ́n ìjà ló ń tẹ̀ lé e, kó tó wá kan àwọn tó ti gba àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé rí. Ẹni tó bá fẹ́ lóye àkọsílẹ̀ ìjà ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wo orúkọ àwọn tó ṣẹ́gun, kó sì wo ọjọ́ orí wọn nígbà tó ṣẹ́gun wọn.

Joe Louis ni àpẹẹrẹ tó kún jù. Ọjọ́ 4 oṣù Keje 1934 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ̀ṣẹ́ gbowó ní Chicago, lábẹ́ Jack Blackburn tó ń kọ́ ọ, àti mánéjà méjì tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, John Roxborough àti Julian Black. Láti ìgbà tí Jack Johnson ti pàdánù àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1915, wọn kò tíì gba aláwọ̀ dúdú mìíràn kankan láyè láti du ú, nítorí náà àwọn mánéjà náà mọ̀ pé ìwà Louis níta yóò wọ inú ìdájọ́ rẹ̀ bí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ṣe wọ̀ ọ́, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ yọ̀ lórí alátakò tó bá ṣubú. Nígbà tó lu Primo Carnera, ẹni tó ti gba àmì-ẹ̀yẹ náà rí, ní New York ní oṣù Kẹfà 1935, ọ̀pọ̀ ló gbà pé kò sí ẹni tó lè dúró níwájú rẹ̀ mọ́. Max Schmeling ará Jámánì kò gbà bẹ́ẹ̀, torí pé nígbà tó lọ wo Louis níbi ìjà ní ìparí ọdún náà, ó rí i pé bí ọ̀dọ́ náà bá ti na ọwọ́ òsì tán, ó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ náà wálẹ̀ kó tó fi í bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ padà. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 1936, Schmeling fi ọwọ́ ọ̀tún gba ojú àlàfo náà wọlé, ó gbé Louis ṣubú ní abala kẹrin, ó sì parí ìjà ní abala kejìlá.

Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Ohun tó yẹ kí àwọn tó ń ṣèdájọ́ wò ni bóyá ó mọ ọwọ́ náà fọ̀. Louis fọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1937, James Braddock gbé e ṣubú ní abala àkọ́kọ́, ó dìde, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé ní abala kẹjọ. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn náà, ó ṣẹ́gun Schmeling fúnra rẹ̀ ní abala àkọ́kọ́. Ìgbà 25 ló gbèjà àmì-ẹ̀yẹ náà kó tó fi í sílẹ̀ ní 1949.

Ní ti Cassius Clay, tó di Muhammad Ali lẹ́yìn náà, ìrísí ìjà rẹ̀ ló ṣi àwọn olùdájọ́ lọ́nà. Ó ti gba wúrà Òlíńpíìkì ní Róòmù ní 1960, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó sì máa ń fa orí sẹ́yìn fún ẹ̀ṣẹ́, ohun tí àwọn àgbà ń pè ní àṣìṣe. Henry Cooper fi ìyà àṣìṣe náà jẹ ẹ́ ní London ní oṣù Kẹfà 1963, nígbà tó gbé e ṣubú ní ìparí abala kẹrin, síbẹ̀ Clay dìde, ó sì borí ní abala tó tẹ̀ lé e. Àwọn tí ìṣubú yìí nìkan wà lójú wọn kò ka dídìde rẹ̀ sí, débi pé nígbà tí yóò fi pàdé Sonny Liston, olúborí àgbáyé nígbà náà, ní Miami Beach ní oṣù Kejì 1964, àwọn onítẹ́tẹ́ fi 7 sí 1 gbè sẹ́yìn Liston. Liston jókòó sórí àpótí rẹ̀, kò sì jáde fún abala keje.

Ìtàn yìí kan ìran Yorùbá gan-an nínú ọ̀ràn Anthony Joshua, tí wọ́n bí ní Watford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1989, tí ìdílé rẹ̀ sì ti Ṣàgámù wá. Ó gba wúrà Òlíńpíìkì ní London ní 2012, ó sì wọ ìjà olówó ní oṣù Kẹwàá 2013. Nígbà tó bá Wladimir Klitschko, ẹni tó ti gba àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé rí, jà ní Wembley ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin 2017, kò tíì sí alátakò kan tó gbọ́ agogo ìparí ìjà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ìjà 18 tó ti jà ṣáájú kò lè sọ, abala kẹfà alẹ́ ọjọ́ náà sọ ọ́: Klitschko bì í ṣubú, ó dìde, ó fara da àwọn abala tó tẹ̀ lé e, ó sì borí ní abala kọkànlá. Ní oṣù Kẹfà 2019, Andy Ruiz lù ú ní New York, ó sì gba àwọn àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀. Joshua yí ọ̀nà ìjà rẹ̀ padà, ó jìnnà sí ọwọ́ Ruiz, ó sì gba àwọn àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ padà ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà.

Òṣùwọ̀n yìí kan náà ló yẹ kí a gbé síwájú Moses Itauma, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ sì ń fi wé Mike Tyson tó di olúborí àgbáyé ní ọmọ 20 ọdún ní 1986. Ní oṣù Kẹjọ 2025, Itauma lu Dillian Whyte ní abala àkọ́kọ́, ìjà kẹtàlá rẹ̀ tó borí láìpàdánù ọ̀kan. Whyte kan náà ni Joshua nílò abala méje kó tó ṣẹ́gun ní 2015, ṣùgbọ́n ẹni ọdún 27 ni Whyte nígbà náà, ẹni ọdún 37 sì ni Itauma pàdé. Agbára àti ìyára ọ̀dọ́ náà hàn sí gbogbo ojú, ó sì yẹ kí a yìn ín fún wọn. Síbẹ̀, títí di ọjọ́ ìjà náà, kò tíì sí ẹni tó dán an wò bí Klitschko ṣe dán Joshua wò, bẹ́ẹ̀ ni ìyìn kò lè dípò ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tí òfin 1867 fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá wà nílẹ̀ láti fi dáhùn fúnra rẹ̀.