Ẹgbẹ́ asáré tó fún màrátọ́ọ̀nù ní 42.195

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sá màrátọ́ọ̀nù Èkó, àtẹ̀yin tí wọ́n máa ń ti títì mọ́ nítorí ẹ̀ 😂, ìbéèrè kan rèé: kí ló dé tó fi jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195? Kí ló dé tí kì í ṣe 40 géérégé? Ìdáhùn ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ asáré kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ gùn, ẹ jókòó. 🧵

Orúkọ wọn ni Polytechnic Harriers. "Harrier" jẹ́ ajá ọdẹ tó ń lé ehoro. Àwọn ọmọ ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà yẹn ní eré kan: ẹnì kan á ṣe ehoro, á máa sá lọ, á máa já bébà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn yòókù á ṣe ajá, wọ́n á máa tọ bébà lé e. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ asáré wọn ti mú orúkọ. Sáré gbogbo inú igbó bí ajá, kò sì sẹ́ran lópin ẹ̀. Òyìnbó!

Kẹ́ ẹ tó lè mọ ìdí tí ẹgbẹ́ yìí fi ṣe pàtàkì, ẹ gbọ́ èyí ná. Láwọn ọdún 1860, àwọn ọlọ́lá ló ń darí eré sísá ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní "amateur" nìkan ló lè bá àwọn díje. Ẹ máa rò pé ìtumọ̀ ẹ̀ ò ju ẹni tí kì í gbowó eré lọ. Rárá o. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé oníṣẹ́ ọwọ́ àti lébìrà kì í ṣe amateur. Bó o bá ń fi òòlù jẹun, ìwọ ò lè bá wọn sáré, kódà bó ò gba kọ́bọ̀ rí.

Oṣù kẹrin ọdún 1880 ni wọ́n pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì Randolph ní Oxford, tí wọ́n dá Amateur Athletic Association sílẹ̀. Wọ́n yọ òfin oníṣẹ́ ọwọ́ kúrò. Òfin owó ló kù: ẹni tó bá gbowó nítorí eré, ó ti jáde nìyẹn.

Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, Quintin Hogg ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan ní 309 Regent Street fáwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Wọ́n á wá kẹ́kọ̀ọ́ lálẹ́, wọ́n á lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á ṣeré. Oníṣẹ́ ọwọ́ tí òfin àtijọ́ lé síta wà lára àwọn tó ṣí i fún. Ní 1883, ẹgbẹ́ asáré ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ níbi owó tí wọ́n fi ṣe é. Oníṣòwò ṣúgà ni Hogg. Ṣúgà ilé iṣẹ́ ẹ̀ ń wá láti Demerara, ní Guyana tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn. Ìlẹ̀ tí wọ́n fi ẹrú gbin ìrèké títí di àwọn ọdún 1830 nìyẹn. Hogg ò kó ẹrú o, 1845 ni wọ́n bí i. Ṣùgbọ́n ẹ fi Demerara yẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ó di 1908, Òlíńpíìkì wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ta ni kó ṣètò màrátọ́ọ̀nù? Wọ́n gbé e fún Polytechnic Harriers. Akọ̀wé wọn, Jack Andrew, ló la ọ̀nà náà: láti ààfin Windsor dé pápá ìṣeré White City jẹ́ máìlì 26. Wọ́n wá fi yáàdì 385 kún un nínú pápá, kí eré lè parí níwájú ibi tí ọbabìnrin jókòó sí. Àpapọ̀ ẹ̀ ni 42.195 yẹn. Ní 1921, ó di òfin fún gbogbo ayé. Nítorí àga ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, orúnkún yín ń ro yín ní Èkó.

Ọjọ́ yẹn náà ni Dorando Pietri, ọmọ Ítálì, kọ́kọ́ wọ pápá. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ààlà. Ó ya sọ́nà òdì, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Wọ́n gbé e dìde títí tó fi dé òpin, wọ́n sì gba wúrà lọ́wọ́ ẹ̀ torí ìrànlọ́wọ́ yẹn. Ọkùnrin tó mú ìwo ìkéde lọ́wọ́ nínú fọ́tò olókìkí yẹn, tó dì í mú? Jack Andrew ni.

Ní 1909 ẹgbẹ́ náà dá màrátọ́ọ̀nù tiwọn sílẹ̀. Jim Peters fi ojú ọ̀nà yẹn sá eré tó yá jù láyé ní 1952, 1953 àti 1954, léraléra. Ní 1965, Morio Shigematsu láti Japan sá a ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 12 géérégé.

Ṣùgbọ́n eré kúkúrú ni tèmi. Láti 1913, kóòṣì wọn ni Sam Mussabini. Wọ́n ń sanwó fún un, torí náà àwọn ọ̀gá amateur kì í fẹ́ rí i. Ní Òlíńpíìkì 1924 inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ló wà nígbà tí Harold Abrahams tó kọ́ gba wúrà. Lára àwọn ọmọ Poly tó kọ́ ni Albert Hill, tó gba wúrà 800 àti 1500 ní Antwerp ní 1920, lẹ́ni ọdún 31, lẹ́yìn tó ti ogun dé.

Antwerp yẹn kan náà ni Harry Edward ti gba idẹ 100 àti 200 mítà. Berlin ni wọ́n bí i sí, ọmọ dúdú ni, àwọn ará Jámánì sì tì í mọ́lé ní Ruhleben nígbà ogun torí pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni lórí ìwé. Òun ni wọ́n kà sí ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tó gba mẹ́dáàlì Òlíńpíìkì fún Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1922 ó gba ipò kìíní nínú 100, 220 àti 440 yáàdì ní ìdíje AAA, láàárín bíi wákàtí kan. Wákàtí kan!

Ó wá kan Jack London (orúkọ ẹ̀ gan-an nìyẹn o, kì í ṣe òǹkọ̀wé yẹn). 1928, Amsterdam: fàdákà 100 mítà, idẹ eré àfiṣọwọ́. Ó tún mọ dùùrù tẹ̀ débi pé ó tẹ̀ ẹ́ nínú eré orí ìtàgé Cavalcade ní 1931. Ibo ni wọ́n bí i sí? Georgetown, ní Demerara. Owó ìrèké ibẹ̀ ló ṣí ilé náà. Ọmọ ibẹ̀ ló wá wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà gba fàdákà. Kò sẹ́ni tó pète ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni McDonald Bailey láti Trinidad. Ní 1948 òun àti ọmọ ọba Rẹ́mọ tiwa, Adegboyega Adedoyin, jọ wà nínú ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Adedoyin ṣe ipò karùn-ún nínú ìfò gígùn. Ní 1951 Bailey sá 100 mítà ní 10.2 ní Belgrade, ó bá eré tó yá jù láyé dọ́gba. Ní Helsinki 1952, àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ ni aago fún ní 10.4. Idẹ ló kan Bailey.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ rọ́gíbì Leigh fún un lówó, ó gbà á. Bí eré sísá ṣe tán fún un nìyẹn. Willie Applegarth, ọmọ Poly tó gba wúrà ní 1912, ti gba ọ̀nà kan náà ní 1914. Lójú tèmi, ẹni tí bàbá ẹ̀ fi ilé sílẹ̀ fún ló lè sọ pé owó ń ba eré jẹ́.

Nígbà tí Màrátọ́ọ̀nù Lọ́ńdọ̀nù dé ní 1981 pẹ̀lú owó onígbọ̀wọ́, ti Poly bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn. 1996 ni wọ́n sá a kẹ́yìn. Ẹgbẹ́ náà ti dara pọ̀ mọ́ ti Kingston láti 1985, orúkọ Polytechnic Harriers ṣì wà lára tiwọn. Ilé Regent Street ti di ti University of Westminster.

Harry Edward lọ sí Amẹ́ríkà ní 1923. Ó kọ ìtàn ayé ara ẹ̀ sílẹ̀ kó tó kú ní 1973, àmọ́ 2024 ni ìwé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ rà á.